Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá Ìwé àti Èdè Ilé: Ìtàn Èdè Mẹ́ta ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó láti 1875

0. Ìfáárà

Láti ìgbà tí ilé-ìwé ti fìdí múlẹ̀ ní Oǹdó àti ní Àkúrẹ́ ni ọmọ tí a bí sí ìlú méjèèjì ti ń bá èdè mẹ́ta pàdé kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Èkíní ni èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é nílé. Èkejì ni Yorùbá tí ó wà nínú Bíbélì, nínú ìwé kíkà àti lẹ́nu olùkọ́. Ẹ̀kẹta ni Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ìdánwò, kóòtù àti ọ́fíìsì ìjọba ń béèrè. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èdè ilé nìkan ni kò sí máàkì fún. Síbẹ̀, òun ni a máa ń dá lẹ́bi bí ọmọ náà bá ṣe àṣìṣe nínú méjì yòókù: a ó ní èdè oko ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ nínú ìtàn èdè. Gẹ̀ẹ́sì tí a gbé wá sí ilé-ìwé jẹ́ ẹ̀ka-èdè kan láàrin ọ̀pọ̀, tí ọlá ìlú Lọ́ńdọ̀nù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbé lékè. Bákan náà ni Yorùbá ìwé jẹ́ ẹ̀ka-èdè kan tí iṣẹ́ ìjọ àti ìwé títẹ̀ gbé ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí a bá sì gbé èdè Oǹdó àti ti Àkúrẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, a ó rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tí a kà sí àbùkù lára tiwọn ni Gẹ̀ẹ́sì ní rí, tàbí tí ó ṣì ní títí di òní. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀kọ́ èdè nìkan. Ó kan irú ojú tí ọmọ ilé-ìwé fi ń wo ìyá tí ó bí i, ó sì kan ọjọ́ iwájú àwọn ẹ̀ka-èdè tí kò tíì sí ìwé púpọ̀ nínú wọn.

1. Ọdún 1875 àti ohun tí ó tẹ̀ lé e

Ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní 1875 tí ó yẹ kí a so pọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún náà, àwọn ìjọ ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Ní ọdún kan náà ni iṣẹ́ ìjọ C.M.S. bẹ̀rẹ̀ ní Oǹdó, lẹ́yìn tí Gómìnà Glover ti là ọ̀nà tí ó gba ilẹ̀ Oǹdó kọjá láti etí òkun. Bí àkọtọ́ ti ń fìdí múlẹ̀ ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ń wọ Oǹdó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èdè Oǹdó ni àkọtọ́ náà wà fún.

Yorùbá tí a ń kọ nígbà náà ti ní ìtàn tirẹ̀. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Ọ̀ṣoogùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó sì tún tẹ gírámà àti ìwé ọ̀rọ̀ mìíràn jáde ní 1852. Abẹ́òkúta ni ó ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì, èyí tí ó parí ní 1884. Nítorí náà, èdè Ọ̀yọ́ ni ìpìlẹ̀ Yorùbá ìwé, tí ti Ẹ̀gbá àti ti àwọn Sàró sì wọ̀ ọ́ lára. Kò sí ẹni tí ó jókòó láti pinnu pé èdè Ọ̀yọ́ dára ju ti Oǹdó lọ. Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ó pinnu ọ̀rọ̀ náà.

Charles Phillips, tí ó dé Oǹdó ní 1877 tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́ ní 1893, kì í ṣe ọmọ ìlú náà. Ìwé tí òun àti àwọn olùkọ́ tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní lọ́wọ́ ni wọ́n fi kọ́ni. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kà ní Oǹdó kà á ní èdè tí wọ́n gbọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí a dá ilé-ìwé gíga àwọn ọmọkùnrin sílẹ̀ ní Oǹdó ní 1919, lábẹ́ Canon M. C. Adéyẹmí, Gẹ̀ẹ́sì tún gun orí ẹ̀kọ́ náà. Báyìí ni àtẹ̀gùn mẹ́ta ṣe dúró: èdè ilé ní ìsàlẹ̀, Yorùbá ìwé láàrin, Gẹ̀ẹ́sì lókè.

Ọ̀nà tí Àkúrẹ́ gbà yàtọ̀ díẹ̀. Àkúrẹ́ ni ìjọba àwọn Òyìnbó fi ṣe olórí Ẹkùn Oǹdó ní 1915, nígbà tí Ọba Adéṣidà Kìíní wà lórí ìtẹ́. Àwọn akọ̀wé, ògbufọ̀, ọlọ́pàá àti àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù rọ́ wọ ìlú láti ibi gbogbo. Bí ó ti jẹ́ pé ní Oǹdó ìjọ ni ó kọ́kọ́ gbé Yorùbá ìwé wọlé, ọ́fíìsì ìjọba ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ní Àkúrẹ́. Ilé-ìwé gíga Aquinas dé ní 1951, Oyèmẹ̀kun sì tẹ̀ lé e ní 1953. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ohun tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ díẹ̀ ti di ti gbogbo ọmọ.

2. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe òkúta

Àwọn tí wọ́n gba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ olùkọ́ gbà á bí òfin tí a gbẹ́ sára òkúta. Ṣùgbọ́n ilé tí ó ti wá kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. William Caxton, tí ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1476, sọ ìtàn kan ní 1490 tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ èdè mọ̀. Àwọn oníṣòwò kan gúnlẹ̀ sí ẹ̀bá odò Thames, ọ̀kan nínú wọn sì lọ béèrè ẹyin lọ́wọ́ obìnrin kan ní ilẹ̀ Kent. Ó pe ẹyin ní 'egges' gẹ́gẹ́ bí àwọn ará àríwá ti ń pè é. Obìnrin náà dáhùn pé òun kò gbọ́ èdè Faransé. Inú bí oníṣòwò náà, nítorí òun pẹ̀lú kò gbọ́ Faransé. Ẹlòmíràn ni ó bá wọn sọ pé 'eyren' ni ohun tí ó ń béèrè. Nígbà náà ni obìnrin náà tó mọ̀ pé ẹyin ni. Ọmọ ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì, ẹyin kan náà ni wọ́n sì ń sọ. Caxton béèrè èwo nínú ọ̀rọ̀ méjì náà ni kí òun tẹ̀ sínú ìwé. Èyí tí obìnrin náà kò gbọ́ rárá ni ó wà nínú gbogbo ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí.

Ìtàn yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Oǹdó. Láàrin Oǹdó àti Àkúrẹ́ kò tó ọgọ́ta kìlómítà, síbẹ̀ ìsọ̀rí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Adétúgbọ̀, nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti 1967 lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá, pín ilẹ̀ náà sí ìsọ̀rí àríwá-ìwọ̀-oòrùn, ìsọ̀rí àárín àti ìsọ̀rí gúúsù-ìlà-oòrùn. Àkúrẹ́ wà pẹ̀lú Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀ ní àárín. Oǹdó wà pẹ̀lú Ọ̀wọ̀, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ní gúúsù-ìlà-oòrùn. Ìsọ̀rí àríwá-ìwọ̀-oòrùn, níbi tí Ọ̀yọ́ wà, ni Yorùbá ìwé ti jáde.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá gbìyànjú láti dá èdè wọn dúró sójú kan. Samuel Johnson fẹ́ fi ìwé atúmọ̀ rẹ̀ ti 1755 dí ọ̀nà àyípadà. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé kò sí ẹni tí ó lè ṣe é. Nítorí náà, Gẹ̀ẹ́sì tí ó dé Oǹdó ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún jẹ́ àwòrán odò tí ń ṣàn, tí a yà ní ọjọ́ kan. Odò náà kò dúró nítorí àwòrán.

3. Àfiwé mẹ́ta

3.1 Ìró gh

Ìró kan wà ní èdè Oǹdó àti ní àwọn èdè tí ó sún mọ́ ọn tí kò sí nínú Yorùbá ìwé. Ẹ̀yìn ahọ́n ni a fi ń pè é, bí ẹni pé a fẹ́ pe g ṣùgbọ́n tí ahọ́n kò kan òkè ẹnu tán. Gh ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń fi kọ ọ́. Ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Ọ̀wọ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè ní Ọ̀ghọ̀. Àkọtọ́ tí a jogún kò ní àmì fún ìró yìí, àtúnṣe àkọtọ́ tí ìgbìmọ̀ gbé jáde ní 1966 àti èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 kò sì fún un ní àyè, nítorí Yorùbá ìwé ni wọ́n ń tún ṣe.

Àwọn olùkọ́ a máa rò pé gh jẹ́ w tí ẹnu oko bà jẹ́. Ìwádìí fi hàn pé òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Gh wà nínú Yorùbá àtijọ́. Ìsọ̀rí àríwá-ìwọ̀-oòrùn ni ó sọ ọ́ di w. Ẹni tí ó ń pe Ọ̀ghọ̀ ni ó di èyí tí ó dàgbà jù mú. Ẹni tí ó ń pe Ọ̀wọ̀ ni ó ti yí i padà.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé Gẹ̀ẹ́sì rin ọ̀nà yìí gan-an. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní ìró tí ó rí bákan náà. Ọ̀rọ̀ tí ó di 'follow' lónìí ni wọ́n ń kọ ní 'folgian', èyí tí ó di 'sorrow' ni wọ́n ń kọ ní 'sorg', ọ̀rọ̀ fún ọrun tí a fi ń ta ọfà, 'bow', sì jẹ́ 'boga'. G inú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe g lásán. Ìró ẹ̀yìn ẹnu náà ni. Ó sì di w nígbẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí ó ti di w lẹ́nu àwọn ará Ọ̀yọ́. Ìró mìíràn tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ni ó fi àmì gh sílẹ̀ sínú 'night' àti 'light', tí ọmọ ilé-ìwé ní láti há sórí bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kì í pè é mọ́. Olùkọ́ tí ó ń lu ọmọ Oǹdó nítorí gh tí ó ń pè ń fi ipá kọ́ ọ ní gh tí a kì í pè.

3.2 Arọ́pò-orúkọ

Nínú Yorùbá ìwé, 'ẹ wá' yàtọ̀ sí 'wọ́n wá'. Adétúgbọ̀ fi hàn pé ní ìsọ̀rí gúúsù-ìlà-oòrùn, méjèèjì ti di ọ̀kan: 'àn án wá' lè jẹ́ ti àwọn tí a ń bá sọ̀rọ̀, ó sì lè jẹ́ ti àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn. Àyíká ọ̀rọ̀ ni ó ń fi èyí tí a ní lọ́kàn hàn. Ẹni tí kò gbọ́ èdè náà lè sọ pé kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ènìyàn kan àti òmíràn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ṣe èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní 'thou' fún ẹnì kan, ó sì ní 'you' fún ọ̀pọ̀. Lẹ́yìn ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, 'thou' kò sí nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́, àfi nínú àdúrà, nínú Bíbélì àti lẹ́nu àwọn díẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi arọ́pò-orúkọ nìkan sọ bóyá ẹnì kan tàbí ogún ènìyàn ni òun ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni ó le jù níhìn-ín. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹni tí ó bá pe àgbà ní 'ìwọ' ti ṣẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka-èdè ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, ìlò arọ́pò-orúkọ ọ̀pọ̀ fún àgbà kò gbilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀, ìkíni, oríkì àti orúkọ oyè ni ọ̀wọ̀ ń gbà hàn. Nígbà tí àwọn akọ̀wé àti olùkọ́ láti ìwọ̀-oòrùn dé, wọ́n gbọ́ arọ́pò-orúkọ náà, wọn kò kíyè sí ìdọ̀bálẹ̀. Láti ibẹ̀ ni òkìkí ti kàn pé ará ìlà-oòrùn kò mọ àgbà. Akọ̀wé kan náà a máa pe ọ̀gá rẹ̀ Òyìnbó ní 'you' láti àárọ̀ di alẹ́, kò sì ní rò ó pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ohun tí a gbà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì láìjanpata ni a fi ń dá Oǹdó lẹ́bi.

3.3 Fáwẹ̀lì

Yorùbá ìwé ní fáwẹ̀lì àìránmúpè méje. Ní Àkúrẹ́, i àti u a máa ní ìró méjì méjì, nítorí wọ́n ń bá fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀ lé wọn ṣe àǹkóò: bí fáwẹ̀lì iwájú bá jẹ́ ẹ tàbí ọ, i ìṣáájú a rẹlẹ̀ díẹ̀ láti bá a dọ́gba. I tí ó rẹlẹ̀ yìí sún mọ́ èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè nínú 'sit', tí ó mú un yàtọ̀ sí 'seat'. Ìyàtọ̀ yìí kan náà ni àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ráhùn lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ọmọ Yorùbá kò lè mú jáde.

A lè wá rí ohun tí ó sọnù. Ọmọ Àkúrẹ́ ní ìró náà lẹ́nu kí ó tó dé ilé-ìwé, bí kò tilẹ̀ lò ó láti ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Yorùbá ìwé kọ́ ọ pé i kan ṣoṣo ni ó wà. Lẹ́yìn náà ni a fi i kan ṣoṣo yìí kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, a sì bá a wí pé kò mọ ìyàtọ̀. Bí olùkọ́ bá ti mọ èdè ilé ọmọ náà ni, ìbá fi ìka tọ́ka sí ìró tí ó wà lẹ́nu rẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ u. Yorùbá ìwé kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ará Àkúrẹ́ ń pe ilé ní 'ulé', ọdún ìbílẹ̀ Àkúrẹ́ tí ìwé ìròyìn ń kọ ní Ulefunta sì ṣì di u rẹ̀ mú. Orúkọ ọdún àti orúkọ ìlú ni ibi tí èdè ilé ti rí ààyè dúró nínú ìwé, nítorí kò sí olùkọ́ tí ó lè fi gègé pupa fà á kọjá.

4. Ọ̀rọ̀ tí ó lọ tí ó sì bọ̀

Kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì kàn ń kọ́ni nìkan. Òun pẹ̀lú ń gba ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó bá wọ Yorùbá gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òfin ilé tí ó wọ̀. Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì dúró ti ara wọn, kì í sì fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Nítorí náà ni 'bread' fi di 'bùrẹ́dì'. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti fi agbára pe ọ̀rọ̀ ni Yorùbá ń fi ohùn òkè sí, tí ohun tí ó tẹ̀ lé e yóò sì wálẹ̀: 'tíṣà', 'táyà', 'gómìnà'. Ẹni tí kò lọ sí ilé-ìwé rárá ń tẹ̀ lé òfin yìí láìṣìnà. Ìtumọ̀ náà a máa yí padà. 'Páànù' bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun ìdáná, ó sì di ohun tí a fi ń bo ilé. Ní Oǹdó àti Àkúrẹ́, owó kòkó ni ó sọ ọ̀pọ̀ òrùlé di páànù.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó fi ìrìn-àjò yìí hàn jù. Owó mẹ́ta ayé àwọn Òyìnbó di 'tọ́rọ́', mẹ́fà di 'sísì', 'shilling' di 'ṣílè', 'copper' sì di 'kọ́bọ̀'. Nígbà tí Nàìjíríà pa owó dà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, kọ́bọ̀ ni orúkọ tí ìjọba fi sára owó tuntun. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnu ọjà ti yí padà di ọ̀rọ̀ òfin, ó sì padà sínú ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú aṣọ tí Áfíríkà wọ̀ fún un. Àwọn ìyá ọjà kò sì torí náà gbàgbé ti àtijọ́: sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún, ṣílè di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ìṣirò sì ń lọ.

Àwọn onímọ̀ kò ṣàìkíyèsí Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń hù nílẹ̀ yìí. Brosnahan ti pín in sí ìpele mẹ́rin ní 1958. Ayọ̀ Bánjọ tún un pín ní 1971, ó sì béèrè èwo nínú rẹ̀ ni ó yẹ kí a gbà gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì àjùmọ̀lò ti Nàìjíríà. Ìdáhùn kan wá láti ibi tí a kò retí. Ní oṣù kìíní 2020, ìwé atúmọ̀ ńlá ti Oxford kéde ọ̀rọ̀ Nàìjíríà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí ó gbà wọlé. Lára wọn ni 'danfo', 'tokunbo', 'buka' àti 'okada', èyí tí a mú láti ara orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan tí kò sí mọ́, tí ó sì ti di alùpùpù akérò lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Lára wọn náà ni 'next tomorrow', tí àwọn olùṣàkóso ìwé náà rí nínú ìwé Nàìjíríà láti 1953. Ọmọ Yorùbá tí ó ní 'ọ̀túnla' nínú èdè rẹ̀ kò lè gbà pé odindi gbólóhùn ni ó yẹ kí a fi sọ ọjọ́ kan ṣoṣo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni olùkọ́ ti ń fi gègé pupa fà á. Ẹni tí ó ni èdè ti wá gbà á, bí ó tilẹ̀ kọ ọ́ sí i pé ti Nàìjíríà ni.

5. Ta ni ó ni èdè abínibí?

Ìdí wà tí a fi lè gbèjà Yorùbá ìwé, kò sì yẹ kí a fojú fò ó. Láìsí i, D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tí kò jìnnà sí Oǹdó, kì bá tí kọ ìwé ní 1938 tí ará Ọ̀yọ́, ará Ìjẹ̀bú àti ará Àkúrẹ́ yóò jọ kà. Èdè àjùmọ̀lò ni ó jẹ́ kí a ní ìwé ìròyìn, eré orí ìtàgé àti ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì. Kò sí ẹni tí ó lè ní kí a wó ilé yìí. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí ó wọ ilé kò gbọ́dọ̀ sọ pé ilé tí òun ti wá jẹ́ ahoro.

Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rí pàtàkì ni èyí. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ rántí pé Modákẹ́kẹ́ ni ilé-ìwé tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ wà, ìlú tí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tẹ̀dó. Èdè ilé àwọn ọmọ ibẹ̀ sún mọ́ èdè inú ìwé pẹ́kípẹ́kí. Bí a bá gbé ètò kan náà lọ sí Oǹdó, ìbéèrè mìíràn yóò dìde: ṣé èdè abínibí ni a fi ń kọ́ ọmọ náà, àbí èdè tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀?

Ìbéèrè yìí kò tíì gbó. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, èdè ilé kò sí nínú ìwé lábẹ́ ìlànà àkọ́kọ́, kò sì sí níbẹ̀ lábẹ́ ìlànà kejì. Ìjà Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ni à ń gbọ́. Ẹni kẹta kò tilẹ̀ rí àyè jókòó nílé ẹjọ́.

Ìyípadà ìlú pẹ̀lú ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Láti ọjọ́ kẹta oṣù kejì 1976 tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ láti ibi gbogbo ti kún ìgboro. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ dé ní 1981. Nígbà tí a yọ Èkìtì kúrò ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996, Àkúrẹ́ tí èdè rẹ̀ bá Èkìtì tan wà ní ìhà kejì ààlà. Ní ọjà àti ní ọ́fíìsì olú-ìlú, Yorùbá àjùmọ̀lò àti Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tí kò mọra fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Oǹdó kò ní ẹrù yìí tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-ìwé àti ìjọ wà níbẹ̀.

6. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó pàdé ní Oǹdó àti Àkúrẹ́ jẹ́ ẹ̀ka-èdè lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì nínú wọn rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ìjọba àti ìdánwò gun. Ọ̀kan kò rí i. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kì í ṣe ẹwà, kì í ṣe ọgbọ́n, kì í ṣe ìtọ́nà, ìtàn ni. Gh tí a ń dà nù ní Oǹdó ni Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní lẹ́nu. Arọ́pò-orúkọ tí a ń bú ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò. Fáwẹ̀lì tí a ń wá kiri fún Gẹ̀ẹ́sì wà ní ẹnu ọmọ Àkúrẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ mẹ́ta ni ó délẹ̀. Èkíní, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ olùkọ́, pàápàá èyí tí a dá sílẹ̀ ní Oǹdó ní 1963 tí a fi orúkọ Adéyẹmí pè, tí ó sì ti di yunifásítì, mú ìmọ̀ ẹ̀ka-èdè àdúgbò wọ inú ẹ̀kọ́ olùkọ́, kí olùkọ́ lè mọ ibi tí ọmọ ti ń bọ̀. Èkejì, kí a gba gh àti u ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láàyè nínú àkọtọ́ fún orúkọ ènìyàn, orúkọ ìlú àti ìtàn àbáláyé, kí a má baà máa fi àmì Ọ̀yọ́ kọ ohun tí Oǹdó sọ. Ẹ̀kẹta, kí a gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ nísinsìnyí ní Oǹdó àti Àkúrẹ́, ní ọjà, ní ààfin àti ní oko, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó mọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ-ọmọ wọn kò gbọ́ rí.

Olùkọ́ tí ó bá gbọ́ gh lẹ́nu ọmọ kò ní láti pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Ó tó kí ó sọ pé bí a ti ń sọ ọ́ nílé nìyí, bí a sì ti ń kọ ọ́ sínú ìwé nìyí, àti pé àwọn méjèèjì tọ́ ní àyè wọn. Obìnrin ilẹ̀ Kent kò gbọ́ ohun tí oníṣòwò ń béèrè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò mọ ẹyin.